Bí Howie Roseman Ṣe Ń Ṣa Agbábọ́ọ̀lù fún Eagles

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1936, àwọn olówó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án jókòó nínú hòtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní ìlú Philadelphia. Wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 90 ọmọ yunifásítì sára pátákó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn láàárín ara wọn. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ náà léèrè ìlú tí wọ́n fẹ́ gbé, tàbí ọ̀gá tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó mú àbá yìí wá ni Bert Bell, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ Eagles sílẹ̀ ní 1933. Ìdí tó fi mú un wá ò fara sin: ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń fìdí rẹmi. Ní sáà 1935, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Àwọn ẹgbẹ́ olówó bíi ti Chicago àti New York ló ń kó àwọn ọmọ tó dáa lọ. Bell wá ní kí ẹgbẹ́ tó gbá burú jù lọ́dún máa kọ́kọ́ yàn.

Nítorí náà Eagles ló kọ́kọ́ yàn. Jay Berwanger ni wọ́n mú, ọmọ tó gba àmì ẹ̀yẹ Heisman àkọ́kọ́. Owó ò bára mu, ni wọ́n bá ta ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ fún Chicago Bears. Owó ò bára mu níbẹ̀ náà, Berwanger sì bá tirẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ rọ́bà. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú ìtàn draft kò gbá bọ́ọ̀lù gba owó rí láyé rẹ̀, ẹgbẹ́ tó sì yàn án ni ẹgbẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Fún ẹni tí kò bá wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ kí wọ́n tó gbá mọ́ńkí póòsì ládùúgbò. Kápútẹ́nì méjì á dúró síwájú, èyí á yan ẹnì kan, ìyẹn náà á yan ẹnì kan, títí tó fi máa kan ọmọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́, tí wọ́n á ní kó lọ ṣọ́lé. Draft náà nìyẹn, àfi pé kápútẹ́nì 32 ló wà níbẹ̀, ìpele méje ni wọ́n ń yàn, àwọn ọmọ tí wọ́n ń yàn lọ́dọọdún sì lé ní 250. Ẹgbẹ́ tó ṣe ìkẹyìn ló ń ṣíwájú, ẹgbẹ́ tó gba ife ló ń kẹ́yìn.

Nǹkan méjì ló mú un yàtọ̀ sí ti àdúgbò. Èkíní, èèyàn lè ta àyè rẹ̀: ẹni tó wà ní nọ́ńbà 32 lè gbé e fún ẹlòmíì, kó gba nọ́ńbà 52 àti àyè kan lọ́dún tó ń bọ̀. Èkejì, láti 2011, àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn olówó ti so owó ọmọ tuntun mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi yàn án, fún ọdún mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, òfin wà pé ẹgbẹ́ kankan ò gbọdọ̀ ná ju iye kan lọ lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún. Ọmọ tó bá dáa ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ, ọjà pọ́ọ́kú ni fún ẹgbẹ́ tó ni ín. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rà kì í pẹ́ kó tó wó.

Ọ̀gá tó ń yan ọmọ fún Eagles lónìí ni Howie Roseman. Lọ́yà ni, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Láti kékeré ló ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun níṣẹ́. Eagles gbà á ní 2000, wọ́n fi í sídìí ìṣirò owó àti ìwé àdéhùn. Ní 2010, ó di general manager. Yàtọ̀ sí ọdún kan tí wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló wà títí di bí a ṣe ń kọ èyí. Lábẹ́ rẹ̀ ni Eagles gba Super Bowl, ife tó ga jù nínú eré náà, ní 2018 àti 2025. Wọ́n pàdánù ọ̀kan ní 2023. Ṣáájú 2018, wọn ò gba ife yẹn rí.

Lónìí, gbogbo ẹnu ló ń yìn ín. Ní ìparí 2020, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹnu kan náà ló ń ké pé kí wọ́n lé e dànù. Ìyẹn ló jẹ́ ká jókòó tì í, ká ka gbogbo orúkọ tó ti yàn látòkèdélẹ̀, ká wò ó bóyá lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí mọ ọmọ í yàn. Ohun tí a rí ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àwọn yòókù lọ. Nǹkan mìíràn ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn, àwọn ọmọ ìpele kìíní. Láti 2010 dé 2024, tí a bá yọ 2015 tí àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò, ọmọ 14 ni Eagles yàn ní ìpele yìí. Mẹ́rin já kulẹ̀ pátápátá: Danny Watkins ní nọ́ńbà 23, Marcus Smith ní nọ́ńbà 26, Andre Dillard ní nọ́ńbà 22, Jalen Reagor ní nọ́ńbà 21. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Tó bá yan láàárín 1 sí 14, kì í sábà ṣìnà: Brandon Graham ní 13, Fletcher Cox ní 12, Lane Johnson ní 4, DeVonta Smith ní 10, Jordan Davis ní 13, Jalen Carter ní 9. Carson Wentz àti Derek Barnett la lè jiyàn lé lórí, a ó sì padà sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kó tó di 2023, gbogbo ẹni tó yàn lẹ́yìn nọ́ńbà 20 ní ìpele kìíní ló já kulẹ̀. Gbogbo wọn! Ó di ìgbà tó kan Nolan Smith ní 2023 àti Quinyon Mitchell ní 2024 kí ègún náà tó já.

Tí ọmọ bá tó ẹni tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 4 mú, kò sẹ́ni tí kò rí i. Níbi tí ojú àwọn yòókù ò ti ríran mọ́, ojú Roseman náà ò ríran ju ti aládùúgbò lọ. Kì í ṣe àbùkù. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Cade Massey àti Richard Thaler (Thaler yìí gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2017), ṣèwádìí lórí draft ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n bi ara wọn pé: tí ẹgbẹ́ kan bá yan ọmọ kan, báwo ló ṣe dájú tó pé yóò dáa ju ọmọ tí wọ́n yàn tẹ̀ lé e nínú irú iṣẹ́ kan náà? Ìdáhùn wọn fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá sọ owó ẹyọ sókè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àwọn ẹgbẹ́ ń san owó tó pọ̀ jù láti sún síwájú nínú ìlà, torí pé ọ̀gá kọ̀ọ̀kan gbà pé ojú òun mú ju ti ẹlòmíì lọ. Bó ti wù kéèyàn mọ iyán gún tó, iyán ewùrà yóò ní kókó.

Ọdún 2011 ló fi èyí hàn jù. Watkins, ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ panápaná rí, ni Eagles fi nọ́ńbà 23 mú. Ẹni ọdún 26 ni nígbà yẹn, ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń múra láti gba àdéhùn kejì. Sáà méjì péré ló lò, wọ́n ní kó máa lọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ panápaná rẹ̀. Nínú draft kan náà yìí, ní nọ́ńbà 191, wọ́n yan Jason Kelce, tí gbogbo ayé ní ara rẹ̀ kéré jù fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Kelce bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó lo sáà 13, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 2024. Àwọn èèyàn máa ń fi Kelce ṣe ẹ̀rí pé Roseman ní ojú inú. Ẹ gbọ́ ná: tí Eagles bá mọ ohun tí Kelce máa dà, ṣé wọ́n á dúró dè é títí dé nọ́ńbà 191? Ó lé ní ìgbà márùn-ún tí àwọn fúnra wọn fò ó kọjá. Ní nọ́ńbà 120, ẹni tó máa fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé ni wọ́n yàn ṣáájú rẹ̀! Ohun tó yẹ ká yìn wọ́n fún ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn ò wo nọ́ńbà Kelce. Wọ́n rí i pé ó lè ṣe é, wọ́n fún un láyè.

Ìbéèrè kan tún wà níbẹ̀ o: ta ló yan ta? Àwa tí à ń kọ kóòdù ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ git blame. Ó máa ń fi orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn. Kò sẹ́ni tó ti bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́ pọ̀ tí kò mọ̀ pé orúkọ tó wà lára ìlà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ti ẹni tó pinnu. Títí di 2012, akọ́nimọ̀ọ́gbá Andy Reid ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ní Eagles. Ní 2013 àti 2014, ẹnu Chip Kelly wọlé gan-an. Tí ẹ bá fẹ́ fún Roseman ní Cox àti Johnson, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní Watkins àti Marcus Smith náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́ máa ń gbé èyí tó wù wọ́n fún un, wọ́n á gbé ìyókù fún Reid.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún ń bẹ. Nígbà tí wọ́n yan Graham ní 2010, Earl Thomas ni àwọn olólùfẹ́ Eagles ń retí. Seattle mú Thomas ní nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e gan-an, ó sì di ìràwọ̀ lójú ẹsẹ̀. Graham fara pa ní sáà àkọ́kọ́, fún ọdún mélòó kan ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 2018, nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ kù kí Super Bowl parí, Graham náà ló gbá bọ́ọ̀lù jábọ́ lọ́wọ́ Tom Brady. Derek Barnett ló he é. Eagles borí, 41 sí 33. Ẹni tó bá dá draft 2010 lẹ́jọ́ ní 2012, ohun tó yàtọ̀ ló máa kọ. (Àwọn ará Philadelphia ò sì ní sùúrù o. Ní 1999, kí Roseman tó dé, wọ́n hó lé Donovan McNabb lórí níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀. McNabb yìí ló wá gbé wọn dé ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá lọ́dún mẹ́rin léraléra.)

Ní oṣù Kìíní 2015, wọ́n fún Roseman ní oyè tó gùn, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kelly ló gba gbogbo agbára. Òun ló wà nípò nígbà tí wọ́n yan Nelson Agholor, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, ní ìpele kìíní ọdún náà. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti lé Kelly, Roseman sì padà sórí àga. Láti ibẹ̀ ló ti di ẹlòmíì, tàbí kí a sọ pé láti ibẹ̀ ni ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ti hàn.

Láti rí i, ó pọn dandan ká dẹ́kun kíka orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa àwọn àyè náà bí a ṣe máa ń tọ ipa nǹkan kan nínú kóòdù: ibo ló ti wọlé, kí ló yí padà sí, ọ̀dọ̀ ta ló gbà jáde.

Ẹ wo okùn àkọ́kọ́. Ní 2012, Eagles yan Nick Foles ní ìpele kẹta, nọ́ńbà 88. Quarterback ni, ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn yòókù. Ní 2015, Kelly fi Foles ṣe pàṣípààrọ̀ Sam Bradford. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 2016, quarterback ẹgbẹ́ Minnesota Vikings fara pa yánnayànna nígbà tí sáà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí wọn ò gbélẹ̀ mọ́. Roseman gbé Bradford fún wọn. Ó gba àyè ìpele kìíní ti 2017, ó tún gba èyí tó di ìpele kẹrin ti 2018. Àyè 2017 yẹn ló di Derek Barnett, ẹni tó he bọ́ọ̀lù tó jábọ́ lọ́wọ́ Brady. Àyè 2018 di Josh Sweat, nọ́ńbà 130, ẹni tó gbé Patrick Mahomes ṣánlẹ̀ ní ìgbà méjì àti ààbọ̀ (bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn tí ẹni méjì bá jọ ṣe é) nínú Super Bowl 2025. Foles fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó padà sí Eagles ní 2017 láìsí pé wọ́n fi àyè kankan rà á, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù tó yọrí jù lọ nínú Super Bowl 2018. Ọmọ tí wọ́n yàn ní nọ́ńbà 88, tí wọ́n tà, ni èrè rẹ̀ ṣì ń wọlé lẹ́yìn ọdún 13.

Okùn kejì le ju ìyẹn lọ, torí àṣìṣe ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2016, Roseman kó ẹrù àyè jọ, ó sún láti nọ́ńbà 13 lọ sí 8, ó tún sún láti 8 lọ sí 2, ó sì mú Carson Wentz. Lọ́dún kejì, Wentz ń gbá bí ẹni tí yóò gba gbogbo àmì ẹ̀yẹ, àfi bó ṣe fara pa lórúnkún ní oṣù Kejìlá 2017. Ní 2019, wọ́n fún un ní àdéhùn tuntun tó tó mílíọ̀nù 128 dọ́là. Kí ọdún tó yípo, ní oṣù Kẹrin 2020, Roseman lo àyè ìpele kejì lórí quarterback mìíràn, Jalen Hurts, nọ́ńbà 53.

Ariwo ta! Wọ́n ní owó ilé ni wọ́n fi ń ṣòfò, pé ẹni tó ní ọkọ̀ tuntun ní gáréèjì kì í lọ ra òmíràn. Wentz sì gbá ìgbákúgbàá ní sáà náà, Eagles borí mẹ́rin péré, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Doug Pederson. Ìgbà yẹn gan-an ni igbe pé kí Roseman lọ le jù, a ò sì lè dá àwọn tó ń ké lẹ́bi. Ní 2019, ó ti yan Dillard, ó sì ti yan J.J. Arcega-Whiteside ní nọ́ńbà 57 nígbà tí DK Metcalf ṣì wà nílẹ̀. Ní 2020, ó mú Reagor ní 21, Vikings sì mú Justin Jefferson ní 22. Nọ́ńbà kan péré! Jefferson kọjá yáàdì 1,000 ní gbogbo sáà márùn-ún àkọ́kọ́ rẹ̀. Reagor ò sún mọ́ ọn rí, nígbà tó sì di 2022, Vikings kan náà ni wọ́n tà á fún, bí ẹni pé ayé fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Okùn ti Reagor ò dé ibì kankan tó wúlò. Ẹni tó bá ń kọ ìyìn Roseman tí kò sì kọ Jefferson sí i, kó má parọ́ fún wa jàre.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi Wentz ṣe. Ọ̀gá mìíràn á rọ̀ mọ́ ọn, torí pé lílé e jáde dà bí ìgbà téèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé gbogbo àyè 2016 yẹn ti ṣòfò. A mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ tiwa náà: nǹkan kò ṣiṣẹ́, gbogbo wa rí i pé kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ló fọwọ́ sí i, a ó sì máa tún un ṣe títí ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, Roseman ta Wentz fún Indianapolis. Àyè ìpele kẹta tó gbà níbẹ̀, nọ́ńbà 84, ló fi kún ohun tó san fún Dallas kó lè sún láti 12 sí 10 mú DeVonta Smith. Àyè kejì di nọ́ńbà 16 ti 2022. Ó kó ìyẹn mọ́ òmíràn, ó tà wọ́n fún New Orleans, ó sì gba ẹrù kan tí nọ́ńbà 18 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àyè ìpele kìíní ti 2023 àti ti ìpele kejì ti 2024. Nọ́ńbà 18 wà lára ohun tó fi ra A.J. Brown lọ́wọ́ Tennessee. Àyè 2023 di Jalen Carter. Àyè 2024 wà lára ohun tó fi sún sí nọ́ńbà 40, tó fi mú Cooper DeJean. Hurts tó gba ipò Wentz ni agbábọ́ọ̀lù tó yọrí jù lọ nínú Super Bowl 2025. DeJean gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Mahomes nínú eré náà, ó sì sá a dé ilé wọn, ní ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 22 gan-an.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Dillard. Nọ́ńbà 22 ni, ọmọ ìpele kìíní, àyè tí Roseman san owó lé láti gbà. Ẹni tó bá a du ipò ni Jordan Mailata, ọmọ Ọsirélíà tó ń gbá rugby, tí kò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí láyé rẹ̀ nígbà tí Eagles yàn án ní nọ́ńbà 233 ní 2018. Ní 2021, wọ́n fi àwọn méjèèjì sórí pápá, Mailata ló dáa jù, Mailata ló gba ipò. Ó rọrùn létí, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ yòókù léèrè iye ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí nọ́ńbà 233 lé nọ́ńbà 22 lọ sórí bẹ́ńṣì lójú gbogbo èèyàn.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ wa lọ́rùn nínú gbogbo àwọn okùn yìí. Èèyàn ni à ń pè ní nọ́ńbà. Berwanger kọ̀ ní 1936, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ tí Eagles bá yàn lónìí kò lè ní Miami ni òun fẹ́, àfi kó jókòó sílé odidi ọdún kan kó tún padà wọ draft. Prince Tega Wanogho, ọmọ Delta tó lọ sí Amẹ́ríkà nítorí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ni wọ́n yàn ní ìpele kẹfà ní 2020. Kó tó di pé sáà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti já a sílẹ̀. Kansas City gbé e, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó na Eagles 38 sí 35 nínú Super Bowl 2023. Inú wa dùn sí i, ká má parọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a ò lè yọ Jeffrey Lurie kúrò, olówó tó ra Eagles ní 1994. Àǹfààní tí Roseman rí gbà ní 2016 àti 2021, àwọn ọ̀gá tó rí i gbà lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Tí Lurie bá gbọ́ igbe àwọn èèyàn ní ìparí 2020, ẹlòmíì ni ì bá ta Wentz, okùn náà ì bá sì gba ibòmíràn. Ìdajì àkọsílẹ̀ yìí, sùúrù Lurie ló kọ ọ́.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2025, ní New Orleans, Eagles na Kansas City 40 sí 22. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n gbé Mahomes ṣánlẹ̀. Yàtọ̀ sí Sweat, Milton Williams gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà 73 ni Williams, ọdún 2021. Ní alẹ́ tí wọ́n yàn án, kámẹ́rà ká ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùdámọ̀ràn Eagles mọ́ ibi tó ti fajú ro nínú yàrá, nígbà tí Roseman ń lọ káàkiri tó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, New England gbé mílíọ̀nù 104 dọ́là síwájú Williams fún ọdún mẹ́rin. Eagles jẹ́ kó lọ, torí òfin náà tún ní ẹgbẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá lọ báyìí lè gba àyè àfikún nínú draft tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n fún láǹfààní níbi tí Williams fi sílẹ̀ ni Moro Ojomo, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà sí Texas. Nọ́ńbà 249 ni wọ́n fi mú un ní 2023. Ọmọ mẹ́wàá péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀ kí draft ọdún náà tó parí.